Àwọ̀ Oyin Lójú Idà

Òòlù ṣì wà lọ́wọ́ ọkọ Ẹlẹ́wìrì nígbà tó ṣubú sí ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ rẹ̀. Máwẹ̀yìn ló pa á. Máwẹ̀yìn ni olórí àwọn aṣáájú ogun, ọkùnrin ọlọ́rùn kíki kan tí kì í sáré, tí kì í pariwo, tó jẹ́ pé bó bá ti ń bọ̀ ní abúlé kan báyìí, ẹkún ló ń ṣíwájú rẹ̀. Ó fi ọ̀kọ̀ gún alágbẹ̀dẹ náà láyà, ó fi ẹsẹ̀ gbá òkú rẹ̀ kúrò lọ́nà, ó wọlé lọ wo ohun tó lè kó. Ó bá idà kan lórí owú tí wọ́n ń lu irin lé. Ó gbé e, ó fi sá òpó àgbẹ̀dẹ. Idà náà wọ òpó lọ dé àárín, kò ṣẹ́, kò tẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì yẹ̀. Máwẹ̀yìn fà á yọ, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní:

"Ẹ wá ẹni tó rọ èyí fún mi o. Ẹ má pa á."

Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó rọ ọ́ ló wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tiná bọ àwọn ilé, wọ́n to àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sí gbangba, okùn lọ́rùn oníkálukú. Nínú wọn ni àbúrò ọkọ Ẹlẹ́wìrì wà, ọ̀dọ́kùnrin gíga kan tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ ní Agùntáṣọọ́lò láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wọn. Máwẹ̀yìn rí èédú lápá rẹ̀, ó gbé idà náà lé e lọ́fun.

"Ṣé ìwọ ni alágbẹ̀dẹ?"

"Èmi kọ́."

"Ta ni?"

Máwẹ̀yìn tẹ idà díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ sí àyà ọmọkùnrin náà.

"Èmi ni," ni ohùn obìnrin kan wí lẹ́yìn.

Àwọn ọmọ ogun bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kúkúrú kan ni, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ki ju ti púpọ̀ nínú wọn lọ. Òun ló ń fẹ́ ẹwìrì, àpò awọ tí alágbẹ̀dẹ fi ń fún iná ní ẹ̀mí, láti ìgbà tó ti délé ọkọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Ẹlẹ́wìrì.

"Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa," ló wí. "Ẹni tó ń lu irin, òòlù ló ń wò. Ẹni tó ń fẹ́ná ló ń wo irin. Ọkọ mi ló ń rọ idà, èmi ni mò ń sọ ọ́ di ohun tí kì í ṣẹ́. Ẹ ti pa ọ̀kan nínú wa. Bí ẹ bá fẹ́ kí èkejì wúlò fún yín, ẹ gbé irin yẹn kúrò lọ́fun àbúrò ọkọ mi."

Máwẹ̀yìn wò ó títí. Ó gbé idà kúrò.

Ogun náà ti dó ti ìlú olódi kan láti ìgbà tí àgbàdo ṣì tutù lóko. Wọ́n mú ìgbèkùn rin ìrìn ẹsẹ̀ dé ibẹ̀, ẹni tó bá sì ṣubú lọ́nà, wọn kì í tú okùn rẹ̀, ọrùn ni wọ́n ń gé kí okùn lè yọ. Nígbà tí wọ́n fi máa rí odi ìlú náà lókèèrè, Ẹlẹ́wìrì kò ní omijé kan lójú mọ́.

Odi ga, yàrà tó yí i ká sì jìn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dun Ọ̀gágun, olórí gbogbo ogun náà, jù kì í ṣe odi. Idà àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló ń ṣẹ́. Bí idà bá ti pàdé idà báyìí, tiwọn ló ń fò. Àwọn ará ìlú ti fi wọ́n ṣẹ̀sín títí, láti orí odi ni wọ́n ti ń ké sí wọn láràárọ̀ pé, "Ẹ̀yin onídà ìkòkò, ẹ rọra o, kó má fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́!"

Alágbẹ̀dẹ ibùdó jẹ́ bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Elétí-kan. Ìgbèkùn lòun náà, ogun àtijọ́ ló kó o wá, wọ́n sì gé etí òsì rẹ̀ nígbà tó gbìyànjú àtisá.

"Wọ́n ní bí mo bá tún sá, ọ̀tún ló kàn," ló sọ fún Ẹlẹ́wìrì lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọ àgbẹ̀dẹ. "Mo bá rò ó pé ó yẹ kí n ṣẹ́ ọ̀kan kù tí màá fi máa gbọ́ èébú wọn. Ọkọ́ ni mo mọ̀ ọ́n rọ, ọmọ mi. Wọ́n ní kí n rọ idà, mo ń rọ idà. Irin gbígbóná, omi tútù, ó parí. Àbí kí ló tún kù?"

"Ó kù púpọ̀, bàbá."

Ó ní kí wọ́n fi ẹní bo ojú àgbẹ̀dẹ yíká, nítorí iná kì í sọ òótọ́ níwájú oòrùn. Nínú òkùnkùn yẹn ló ti ń fẹ́ná, tó ń wo irin bó ṣe ń kúrò ní dúdú, tó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, títí tó fi pọ́n dọ́gba láti ìdí dé ṣóńṣó bí ojú oòrùn tó fẹ́ wọ̀. Kò dúró kó tó di funfun. Ó fi ẹ̀mú gbé e, ó rì í sínú ìkòkò epo tó ti yá lórí iná. Epo hó, èéfín bo gbogbo wọn. Nígbà tó yọ ọ́, ó gbé àfọ́kù irin kan fún Elétí-kan pé kó fi fá a. Irin náà ń yọ̀ lójú rẹ̀ bí èékánná lójú àwo.

"Ó ti le!" ni bàbá náà wí.

"Ó le, ṣùgbọ́n ìbínú ló fi le. Bí ẹ bá gbé e lu nǹkan báyìí, á fọ́. Ibi tí ẹ ti ń fi í sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ ní láti tù ú nínú."

Ó fi yanrìn fọ̀ ọ́ títí tó fi ń dán, ó wá tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lé orí irin kan tó nípọn, tó ti gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì ṣẹ́jú. Àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára idà. Ó kọ́kọ́ dà bí koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Ó di oyin. Lẹ́yìn náà, ní ẹ̀yìn àti ní ìdí, ó ṣú, ó sì di aró.

"Ẹnu rẹ̀ ló ń jẹ́ oyin, kó lè mú. Ẹ̀yìn àti ìdí ló ń jẹ́ aró, kí wọ́n lè gba ìyà." Ó sáré gbé e kúrò kí oyin tó kọjá lẹ́nu rẹ̀. "Ó tán."

Elétí-kan mi orí. "Gbogbo ọdún tí mo fi ń na irin, n kò mọ̀ pé ó ń fẹ́ ìtùnú."

Máwẹ̀yìn kò fi òpó dán idà náà wò lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ogun kì í bá òpó jà. Ó mú ọmọ ogun kan tó sá lójú ìjà jáde, ó fún un ní idà àtijọ́. Ó mú Agùntáṣọọ́lò jáde, ó fún un ní ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo ibùdó pé jọ, Ọ̀gágun jókòó lórí àga rẹ̀, ó ń húkọ́ sínú aṣọ.

"Ẹni tó bá pa èkejì rẹ̀ ló máa jẹun alẹ́," ni Máwẹ̀yìn wí.

Ọmọ ogun náà mọ ìjà, Agùntáṣọọ́lò kò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin náà ya á léjìká, ó ya á nítan, ó lé e títí ó fi kan ẹsẹ̀ àwọn tó ń wòran. Ẹlẹ́wìrì fi ọwọ́ di ẹnu. Ọmọ ogun náà wá gbé idà sókè pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, Agùntáṣọọ́lò sì na tirẹ̀ pàdé rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Irin ké. Idà ọmọ ogun náà já sí méjì, àbọ̀ rẹ̀ fò lọ sínú èrò. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó ń wo èkù ọwọ́ rẹ̀.

"Parí rẹ̀," ni Máwẹ̀yìn wí.

Agùntáṣọọ́lò ń mí gule-gule. Ó ju idà sílẹ̀. "Ẹ ní kí a dán idà wò. A ti dán an wò."

Máwẹ̀yìn rọra rìn wọ àárín agbo, ó gbé idà náà nílẹ̀, ó gé orí ọkùnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó sì fi aṣọ òkú nu ẹnu idà. Ó yíjú sí Ọ̀gágun. "Èyí la fi máa wọ ìlú."

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n pe ìgbìmọ̀. Wọ́n ní kí Ẹlẹ́wìrì kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú idà lórí itan, bóyá wọ́n á fẹ́ bi í léèrè, ló fi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Máwẹ̀yìn ní kí wọ́n fi ìgbèkùn ṣíwájú. Kí wọ́n gbé àkàbà, kí wọ́n gun odi, kí ọfà ìlú tán sára wọn. Àwọn aṣáájú á wà lẹ́yìn wọn.

"Kí wọ́n gun odi lọ́wọ́ òfìfo?" ni àgbà kan bi í.

"Òfìfo kò lè pa ẹnikẹ́ni lórí odi. Ẹ fún wọn ní idà."

Ọ̀gágun húkọ́. "Ẹni tó fi idà lé ẹrú lọ́wọ́, kó má ṣe sun oorun àsùnwọra o."

"Ìyàwó wọn ńkọ́? Ìyá wọn ńkọ́? Inú okùn ni wọ́n wà níbí. Ẹni tó bá wẹ̀yìn, kó mọ̀ pé ará ilé òun ló pa. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, Ọ̀gágun. Òjò ti ń ṣú, kò sí àyè ìdúró mọ́."

"Máwẹ̀yìn, ọ̀kọ̀ tí í ṣáájú olówó rẹ̀ dé ojú ogun!" ni àwọn yòókù kí i.

Ọ̀gágun gba idà lórí itan Ẹlẹ́wìrì, ó fi ètè kàn án. "Mo fi irin búra. Bí ìlú yìí bá ṣubú, ìgbèkùn tó bá gun odi ti di òmìnira, òun àti ará ilé rẹ̀. Bí mo bá purọ́, kí irin jẹ mí."

Ẹlẹ́wìrì gbójú sókè díẹ̀. Ó rí Máwẹ̀yìn tó ń fi imú rẹ́rìn-ín.

Agùntáṣọọ́lò wá gbé èédú wọ àgbẹ̀dẹ ní ọjọ́ kejì, ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù.

"Ìyàwó wa, bà á jẹ́," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Má tu ìkankan nínú. Jẹ́ kó fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́."

"Mọ́ ọwọ́ ta ni, ọkọ mi? Ẹ̀yin ni wọ́n ń tì síwájú. Ẹ̀yin lẹ máa gbé e."

Ẹlẹ́wìrì ń fẹ́ ẹwìrì, ó ń gbọ́n òógùn dànù lójú.

"Àwọn aṣáájú náà fẹ́ idà tuntun," ló wá wí. "Máwẹ̀yìn ní kí ti ìgbèkùn ní èkù igi lásán, kí tiwọn ní awọ pupa. Nítorí náà, mo mọ ti ẹni kọ̀ọ̀kan."

Agùntáṣọọ́lò wò ó. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo, ó jáde lọ bá àwọn ìgbèkùn yòókù.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ti ìgbèkùn, ó tù wọ́n nínú bí ẹni ń tu ọmọ tó ń sunkún nínú, oyin lẹ́nu, aró lẹ́yìn, aró ní ìdí. Ti àwọn aṣáájú, ó fún ẹnu wọn ní oyin, ó fún ẹ̀yìn wọn ní aró, ó sì fi aṣọ tútù di ìdí wọn kí ooru má dé ibẹ̀. Ìdí náà kù sí funfun, ó le gan-an bó ṣe ti inú epo jáde. Bí wọ́n bá ti fi èkù bò ó, kò sẹ́ni tó máa rí i. Àwọn àfọ́kù idà tó kù, ó fi wọ́n ṣe ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, àwọn obìnrin tó ń ru èédú sì ń gbé e lọ nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n Elétí-kan ló ń fi èkù sí idà. Ó gbé ọ̀kan, ó wo ìdí rẹ̀. Ó gbé òmíràn. Ó gbé méjèèjì sún mọ́ra, funfun àti aró, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo obìnrin náà. Ẹlẹ́wìrì ti mú òòlù lọ́wọ́, kò sì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

"Sọ òòlù kalẹ̀," ni bàbá náà wí. "O fẹ́ fọ́ mi lórí? Mo ti ń wò ó láti àná. Etí ni wọ́n gé, wọn ò gé ojú."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́…"

"Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìwọ máa ṣe ìdí, èmi á máa bò ó. Oje igi ni màá dà sí i, kó le débi pé ẹnikẹ́ni kò ní lè tú u wò." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í we awọ pupa. "Mo ní ìyàwó nígbà kan, èmi náà."

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìjà, Máwẹ̀yìn fúnra rẹ̀ wá gba tirẹ̀. Ó fi atànpàkò wo ẹnu rẹ̀, ó rí àwọ̀ oyin, inú rẹ̀ dùn. Ó wá yíjú sí owú.

"Ẹ sún. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ó gbé idà sókè. Bí idà yẹn bá kan owú, ìdí rẹ̀ á já lójú gbogbo àwọn aṣáájú tó dúró sí ẹnu ọ̀nà, gbogbo ìgbèkùn á sì kú kí oòrùn tó gbóná.

Elétí-kan bú sẹ́rìn-ín.

"Owú ló fẹ́ bá jà! Ẹ wo akọni! Òpó lánàá, owú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀ nìkan ló ń pa? Ọdún mélòó ló ti ń jagun, kò tíì rí inú odi kan. Wọ́n ní kó má wẹ̀yìn, ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ló ń bà á!"

Máwẹ̀yìn rọra sọ idà kalẹ̀.

"Arúgbó, ṣé orí rẹ pé?"

"Ó pé ju etí mi lọ," ni Elétí-kan wí, ó sì tutọ́ sí i láyà.

Ọrùn arúgbó rọ̀ ju owú lọ. Idà náà la ọ̀fun rẹ̀ láìkan egungun, kò sì ké. Máwẹ̀yìn wo ẹnu rẹ̀, ó rí i pé kò yẹ̀. "Ó dáa," ló wí. Ó bọ́ sóde sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ẹlẹ́wìrì dúró síbi tó wà, ẹ̀jẹ̀ bàbá náà ń gbóná lójú rẹ̀. Ó fẹ́ ké. Ó mú ẹwìrì, ó fẹ́ná, kí wọ́n má bàa gbọ́ bí eyín rẹ̀ ṣe ń lu ara wọn.

Orí òkè kékeré ni àgbẹ̀dẹ wà. Ó ká ẹní kan sókè, ó ń wò. Àwọn ìgbèkùn ń lọ síwájú pẹ̀lú àkàbà, gíga Agùntáṣọọ́lò hàn láàárín wọn. Ọfà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láti orí odi. Ọ̀kan ṣubú, òmíràn ṣubú. Àwọn aṣáájú ń fi ọ̀kọ̀ ti àwọn tó kù. Wọ́n dé etí yàrà. Ibẹ̀ ni Agùntáṣọọ́lò ti ju àkàbà nù, tó sì fi gbogbo ọ̀fun ké:

"Ẹ wẹ̀yìn o!"

Wọ́n wẹ̀yìn. Gbogbo wọn yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì kọlu àwọn tó ń tì wọ́n. Àwọn aṣáájú rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé idà sókè. Ìró tó tẹ̀lé e dà bí ti igi gbígbẹ nínú iná. Ìdí ni gbogbo wọn ti ń já. Ọkùnrin ń ju apá, èkù nìkan ló ń bá apá lọ. Àwọn ìgbèkùn gé wọn bí ẹni ń ṣán oko. Ohun tí àwọn ará odi ń rí kò kọ́kọ́ yé wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí bodè, wọ́n tú jáde. Nínú ibùdó, àwọn obìnrin ti gé okùn wọn. Ẹni tó ń ṣọ́ wọn kò rójú sá, àwọn ìyá méjì kan ló kọ́kọ́ gún un lọ́bẹ. Ọ̀gágun gun ẹṣin, ó fi ibùdó sílẹ̀ pẹ̀lú ikọ́ rẹ̀.

Máwẹ̀yìn kò sá. Orí òkè ló ń gùn bọ̀. Etí rẹ̀ kan ti ya, ẹ̀jẹ̀ bò ó, èkù aláwọ pupa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àfọ́kù irin kúkúrú kan lẹ́nu rẹ̀. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ.

"Obìnrin, kí lo ṣe sí idà mi?"

"Mi ò tù ú nínú."

Ó rọ́ lù ú. Ẹlẹ́wìrì fi aṣọ tútù gbé ìkòkò epo tó ti ń hó láti òwúrọ̀, ó dà á lé e lójú. Máwẹ̀yìn ké. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni gbọ́ igbe rẹ̀. Ó ń ta gìrìgìrì, ojú rẹ̀ ti fọ́, ó ń fi àfọ́kù idà gún afẹ́fẹ́, ó ya Ẹlẹ́wìrì lápá dé egungun. Ẹlẹ́wìrì fi èjìká tì í. Ó ṣubú sẹ́yìn sínú iná. Epo gba iná. Ó gbìyànjú láti dìde, obìnrin náà fi ẹ̀mú tì í padà, ó sì dì í mọ́lẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo àwọ̀ iná títí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò fi mira mọ́.

Ibẹ̀ ni Agùntáṣọọ́lò bá a. Ó gba ẹ̀mú lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi aṣọ di apá rẹ̀. Ó gbé igbá omi sí i lẹ́nu.

"Ṣé wọ́n pọ̀, àwọn tó kú nínú wa?"

"Wọ́n pọ̀, ìyàwó wa."

Wọ́n sin wọ́n kí oòrùn tó yẹ̀ àtàrí, Elétí-kan pẹ̀lú wọn. Ẹlẹ́wìrì fi ọwọ́ kan tó kù gbẹ́ sàréè bàbá náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbẹ́ ẹ.

Nígbà tí wọ́n dé bodè ìlú, tọkùnrin tobìnrin, ẹ̀jẹ̀ lára wọn, wọ́n bá a ní títì. Oníbodè yọ orí lókè.

"Àwọn àgbà ní kí a kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ akin! Ilé wà, oúnjẹ wà, àgbẹ̀dẹ náà wà fún obìnrin yẹn, kó máa rọ idà fún wa. Ẹ ṣáà kó àwọn idà ọwọ́ yín sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé."

Agùntáṣọọ́lò wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹlẹ́wìrì wo ògiri gíga náà, ó wo àwọn ọfà tó yọ ṣóńṣó lójú ihò rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn," ló ké sókè. "Omi la fẹ́."

Wọ́n fi okùn sọ omi kalẹ̀. Wọ́n mu ún, wọ́n bu sójú, wọ́n gbé idà wọn, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí bodè. Ọ̀nà tí wọ́n gbà mú wọn wá ni wọ́n tún gbà.

"Níbo là ń lọ?" ni Agùntáṣọọ́lò bi í nígbà tí wọ́n ti rìn díẹ̀.

"Ilé."

"Ilé ti jóná, ìyàwó wa. O rí i."

"Mo rí i." Ó gba apẹ̀rẹ̀ èédú lórí ìyá arúgbó kan tó wà níwájú wọn, ó gbé e ka orí ara rẹ̀. "Ọkọ mi, èmi tí mo ti ń fẹ́ná láti ọjọ́ yìí, eérú ló máa wá bà mí lẹ́rù?"

Ó bọ́ síwájú, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e.